Adìẹ Tí Kì Í Ké

Gàníyù gbé páálí mẹ́ta la inú ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ Sátidé. Adìẹ ló wà nínú wọn. Láti ẹnu ọ̀nà iwájú títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kò sí èyí tó ké.

Àìṣát, ìyàwó rẹ̀, dúró nínú kíṣìnnì, ó tẹ́tí.

"Daddy Hamid, ṣé wọ́n wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè."

"Mi ò gbọ́ ohùn wọn."

"Òtútù ló mú wọn. Kent tí mo ti rà wọ́n jìnnà."

Ó bọ́ síta. Àìṣát tẹ̀lé e dé ẹnu ìloro. Ẹ̀yìnkùlé náà kò fẹ̀. Koríko wà láàárín rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun koríko náà, ilẹ̀ síméńtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, lẹ́yìn síméńtì ni ògiri bíríkì, lẹ́yìn ògiri ni ojú irin tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Peckham Rye. Ìrì ṣì wà nílẹ̀.

Rahmah, ọmọbìnrin wọn, wà láàárín fíríìjì àti ògiri kíṣìnnì, níbi tó máa ń wà. Ọmọ ọdún méje ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá sí ilé yìí lẹ́yìn ààwẹ̀, ó ń lọ sí ilé ìwé, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀yìnkùlé rí. Wọ́n ti ra bàtà òjò pupa fún un. Wọ́n ti ra bọ́ọ̀lù. Bàtà náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Nítorí èyí ni Àìṣát ṣe ní òun fẹ́ ohun ọ̀sìn. Gàníyù gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé oúnjẹ ni ìyàwó òun ń sọ. Oúnjẹ wọ́n, òun náà sì ti ń rò ó nídìí bọ́ọ̀sì tó ń wà. Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi jiyàn lórí ẹran tó yẹ.

Gàníyù ní àgbò. Àìṣát ní koríko tó wà nílẹ̀ yìí, àgbò máa jẹ ẹ́ tán kó tó di ọ̀sán, lẹ́yìn náà á wá máa wo àwọn lójú. Hamid, àkọ́bí wọn, ní ehoro. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó máa jẹ ehoro náà. Hamid ní rárá. Ọ̀rọ̀ ehoro tán. Pẹ́pẹ́yẹ ń fẹ́ omi, á sì sọ gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Ẹyẹlé kò nílò kí ẹnikẹ́ni sìn ín ní Peckham. Lábẹ́ afárá ojú irin ní Rye Lane, orí èèyàn ló ń yàgbẹ́ sí. Wọ́n fẹnu kò sórí adìẹ. Kò ní sí àkùkọ nínú rẹ̀, nítorí aládùúgbò. Àìṣát ní kó jẹ́ adìẹ tí kò tíì yé rí, tó ń múra àtiyé, kí ẹyin lè máa wà nínú koríko láràárọ̀, kí ẹnìkan lè máa jáde lọ wá a. Kò dárúkọ ẹni náà. Ó rò pé ọkọ òun mọ̀.

Gàníyù ṣí páálí àkọ́kọ́. Adìẹ kankan kò jáde. Ó dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò jáde. Ó wá ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kó ìkòkò, ó ń gbé wọn lé orí koríko. Ìyẹ́ ti tán lọ́rùn wọn, ó ti tán lẹ́yìn wọn, awọ pupa ló kù. Ogbe orí wọn ti funfun, ó dorí kodò. Bí ẹsẹ̀ wọn ti kan koríko, wọ́n gbé e sókè bí ẹni tó tẹ iná. Wọ́n rọra kọjá lórí rẹ̀. Wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì. Nígbà tí wọ́n dé orí síméńtì, wọ́n yí padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ògiri, wọ́n sì dúró. Ọ̀kan dúró ti ìkejì, ìhà kan ìhà, láti ẹ̀gbẹ́ kan ògiri náà dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kò sí ẹni tó tò wọ́n.

"Irú adìẹ wo nìyí?" Àìṣát béèrè.

"Àgbébọ̀. Mo fọwọ́ kan àyà wọn, ó le. Hard chicken gan-an nìyẹn, irú èyí tá à ń tò sí ìlà rà ní Rye Lane." Gàníyù ń yọ̀. "Ọkùnrin òyìnbó yẹn fẹ́ gbé àwọn kéékèèké kan fún mi, tí ìyẹ́ wọn ń dán. Mo ní rárá, kó gbé èyí tó dàgbà jù wá. Ẹnu yà á. Ó ní Mọ́ńdè ni wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn lọ pa."

"Ṣé wọ́n ṣì ń yé?"

"Wọ́n ti yé tiwọn."

"Adìẹ tó máa yé ni mo ní."

"Ìyá Hamid, ẹyin wà ní ṣọ́ọ̀bù. Irú ẹran yìí ló ṣòro rí."

Àìṣát yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn. Rahmah ti yọ orí láti ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ó ń wo ìta.

"Níbo ni wọ́n ti ń sìn wọ́n?"

"Inú àgò onírin. Ilé ńlá kan ni, kò ní fèrèsé. Ṣùgbọ́n òfin wà o. Ọkùnrin náà ní ìjọba ti sọ ìwọ̀n tí àyè adìẹ kan gbọ́dọ̀ tó. Wọ́n máa ń wá wọ̀n ọ́n."

"Wọ́n ń wá wọ̀n ọ́n?"

"Wọ́n ń wọ̀n ọ́n."

Ọdún mẹ́rin ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi gbé inú yàrá kan ní họ́sítẹ̀lì kan tí ìjọba ń kó àwọn tí kò nílé sí lápá Bermondsey, kí ilé yìí tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ojú irin kan wá ń kọjá lẹ́yìn ògiri. Ilẹ̀ mì díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo adìẹ náà na ọrùn síwájú, wọ́n tẹ orí sísàlẹ̀ níwọ̀n kan náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá nǹkan. Kò sí nǹkan níwájú wọn. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń ṣá. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n dúró bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Astagfirullah," ni Àìṣát wí.

"Ebi ló ń pa wọ́n." Gàníyù lọ bu àgbàdo.

Ó fọ́n ọn sórí koríko níwájú wọn. Ó fẹnu pè wọ́n bí ìyá rẹ̀ ti máa ń pe adìẹ nílé. Ìkankan nínú wọn kò gbé ẹsẹ̀. Ẹyẹlé kan fò wálẹ̀ láti orí ògiri, ó jẹ díẹ̀. Òmíràn wá. Kò pẹ́, ẹyẹlé ti kún orí koríko, wọ́n ń jà sí àgbàdo náà lábẹ́ imú àwọn adìẹ. Àwọn adìẹ kò wò wọ́n. Ilé ni wọ́n kọjú sí.

Hamid sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

"Daddy, kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n ń sinmi."

"Sinmi how? Wọn ò move. Wọ́n kàn ń wò mí. I swear, èyí tó wà láàárín yẹn mọ̀ mí."

"Níbo ló ti mọ̀ ẹ́?"

"Ó jọ Uncle Yaqub ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n bá ń tòògbé nínú wáàsí."

Gàníyù rẹ́rìn-ín. Hamid náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn kò dún. Nínú ilé yẹn ẹ̀rín kì í dún. Èjìká ló máa ń mì.

Olúwakẹ́mi yọ lórí ọgbà pákó. Òun ni aládùúgbò wọn, ìyá Shiloh. Aṣọ tútù wà ní èjìká rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dé òpópónà kejì.

"Mummy Hamid! Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ kú adìẹ!"

"Ẹ káàárọ̀, Mummy Shiloh. A dúpẹ́."

"Mo ti ń sá aṣọ látàárọ̀, mo ń wò wọ́n. Kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Adìẹ! Kí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kó má pariwo? Èyí tí wọ́n fún màmá mi lọ́dún kan, láti Oǹdó dé Àkúrẹ́ ló fi bú dírẹ́bà." Ó tún wò wọ́n, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi o. Èyí kì í ṣe ojú lásán."

"Ojú adìẹ ni, Mummy Shiloh," Gàníyù wí.

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Daddy Hamid. Mo máa gbàdúrà sí i, bẹ́ ẹ fẹ́, bẹ́ ẹ kọ̀." Ó fi aṣọ kan kọ́. "Ṣé ẹ mọ ohun tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin ni wọ́n jọ."

"Báwo?" Àìṣát béèrè.

"Ẹ̀yin náà kì í dún. Ògiri kan ló pín wa. Àwọn tó wà lápá kejì mi, mo mọ ohun tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Tiyín, mi ò gbọ́ rí. Kí ọmọ sáré lórí àtẹ̀gùn, rárá. Kí àwo já bọ́, rárá. Mo sọ fún Daddy Shiloh pé àwọn èèyàn yìí ti lọ sí Nàìjíríà. Ó ní rárá, iná wọn ń tàn."

"Àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ni," Àìṣát wí.

"Ẹ̀kọ́ dáa o. Kí Ọlọ́run fún tèmi náà ní díẹ̀."

Bí ọ̀gá họ́sítẹ̀lì náà ti máa ń yìn wọ́n nìyẹn, bó bá mú àlejò wá. Á ní, ẹ wo ìdílé yìí, ẹ ò lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbí. Àìṣát máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà náà.

Olúwakẹ́mi wọlé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ró gbàà.

Hamid tó ń gbé ife sẹ́nu dá ọwọ́ dúró. Gàníyù tó ń ká páálí dá ọwọ́ dúró. Nínú kíṣìnnì, Rahmah fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Àìṣát náà kò mira. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ìró náà fi kúrò ní etí wọn. Nígbà náà ni Hamid tó mu tíì rẹ̀.

Àìṣát wo ọmọ. Ó wo ọkọ. Ó wo àwọn adìẹ nídìí ògiri. Ó wọlé lọ gbé omi ìrẹsì kaná.

Orí ẹní ni wọ́n ti jẹun ọ̀sán, nínú yàrá iwájú. Yàrá méjì wà lókè tí bẹ́ẹ̀dì wà nínú wọn, tí wọ́n tẹ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Orí ẹní yìí ni gbogbo wọn ń sùn. Gàníyù ní nítorí owó iná ni, kí wọ́n lè máa mú yàrá kan ṣoṣo gbóná. Ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn rí.

Ìrẹsì ni, ọbẹ̀ ata, àti ẹja kan tí wọ́n pín sọ́nà mẹ́rin. Gàníyù fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, adìẹ ló máa wà nínú èyí. Ẹran tí eyín máa mọ̀ pé òun jẹ nǹkan."

"Daddy, èyí tó jọ Uncle Yaqub, mi ò lè jẹ ẹ́."

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Jẹ ata."

Àìṣát kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yọ egungun ẹja fún Rahmah. Rahmah sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ sókè. Èémí rẹ̀ ni èèyàn ń gbọ́.

"Mummy, wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn."

"Ta ni?"

"Àwọn adìẹ. Wọ́n ti sọ fún wọn pé tí wọ́n bá pariwo, wọ́n máa lé wọn jáde."

Gàníyù fi ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Rahmah tẹjú mọ́ àwo rẹ̀.

"Adìẹ kì í gbọ́ òyìnbó," Hamid wí.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Gàníyù jáde lọ wo adìẹ. Gbogbo wọn ṣì dúró. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé e pé àwọn tó wà lápá ọgbà Olúwakẹ́mi ti kú. Lórí ìdúró ni wọ́n kú sí. Ọgbà gbá ọ̀kan mú, èyí sì gbá èkejì mú, bẹ́ẹ̀ títí dé orí èyí tó kẹ́yìn. Ojú wọn là sílẹ̀, ilé ni wọ́n ń wò síbẹ̀. Nígbà tó fà wọ́n kúrò, ara wọn ti gan.

Ó kó wọn sínú àpò dúdú. Ó dúró, ó ń wo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rọra ti àwọn tó kù kí wọ́n lè sún lọ síbẹ̀, kí ara lè tù wọ́n. Wọ́n yẹ̀ díẹ̀. Bó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n padà sí ojú ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ìhà kan ìhà. Àyè náà wà lófìfo.

Ó wọlé, ó fọ ọwọ́.

"Mẹ́wàá ti kú," ó wí fún Àìṣát.

"Innalillahi."

"Òkú ẹran ni wọ́n. Ó ti di ìdọ̀tí. Mo máa dú àwọn tó kù kó tó di Mọ̀gàríbì."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Kó tó di ọ̀la gbogbo wọn á ti kú. Ìwọ lo máa jẹ òkú ẹran?"

"Daddy Hamid, ẹ wo ọmọ yẹn."

Rahmah ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ó dúró ní ojú fèrèsé, imú rẹ̀ kan gíláàsì.

"Ó ń wo adìẹ," Gàníyù wí.

"Ìgbà wo ló ti fi ẹ̀gbẹ́ fíríìjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀ rí? Ẹ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ òní. Bó bá lè dé ẹnu ọ̀nà, ó lè jáde. Ohun tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ ra adìẹ nìyẹn."

Gàníyù wò ó. "O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Gàníyù fa àpótí sí ìdí, ó jókòó. Ìbínú ló fi sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí wọ́n ti máa ń bínú nínú ilé yẹn.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ẹ ní ẹ fẹ́ ilé, mo wá ilé. Ọmọ yẹn ní yàrá tirẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó ní koríko. Kí ló kù? Kí n wá jókòó, kí ẹran máa kú lójú mi, nítorí pé ọmọ ń wo fèrèsé?"

"Mi ò ní ẹ ṣẹ̀."

"Ní kó lọ sùn sí yàrá rẹ̀ lálẹ́ òní, ká tó sọ̀rọ̀ adìẹ."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ ti sùn sí tiyín?"

Gàníyù dìde, ó lọ wá òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ.

Àìṣát bu àgbàdo sínú àwo pẹrẹsẹ̀ kan, ó jáde. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú àwọn adìẹ. Wọn ò wò ó. Ó fi ọwọ́ bù ú, ó nà án sí wọn. Wọn ò wò ó. Ó gbọ́ èémí lẹ́yìn rẹ̀. Rahmah ti dé ìloro, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà létí pákó ẹnu ọ̀nà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mummy, ẹ gbé e sókè."

"Kí n gbé e sókè?"

"Kó dé ibi ọrùn wọn. Kẹ́ ẹ wá dúró de train."

Àìṣát kúnlẹ̀ lórí síméńtì, ó gbé pẹrẹsẹ̀ náà sókè, ó dúró. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọkọ̀ dé. Ilẹ̀ mì. Gbogbo wọn na ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jẹ àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lórí eékún láti ọ̀dọ̀ èyí dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹnu wọn ń dún lára pẹrẹsẹ̀ náà. Ọkọ̀ lọ. Wọ́n fi àgbàdo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ẹnìkan pa iná.

Ó wo ẹ̀yìn, ẹ̀rín ti fẹ́ wá sí ojú rẹ̀. "Rahmah, o ṣeun. Wá bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Òmíràn ń bọ̀."

Ọmọ náà wo koríko. Kò kúrò lójú kan.

"Mummy, ta ló ni àyè yẹn?"

"Èwo?"

"Èyí tó ṣófo."

"Kò sẹ́ni tó ni ín. Àwọn tó ni ín ti kú."

"Ṣé wọ́n ti fún ẹlòmíràn?"

Àìṣát gbé pẹrẹsẹ̀ sílẹ̀. "Rárá," ó wí. "Wọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni."

Rahmah mi orí. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì.

Ọkọ̀ wá, ọkọ̀ lọ. Àìṣát fún wọn jẹ nígbà púpọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ìgbàkígbà tó bá yíjú, ọmọ náà ń yọ wò ó, kò sì jáde. Oòrùn kò yọ lọ́jọ́ náà. Funfun kan ṣoṣo ni ojú ọ̀run láti àárọ̀, ó wá ń di eérú. Olúwakẹ́mi jáde láti ká aṣọ. Ó wo Àìṣát lórí eékún. Ó wo àyè tó ṣófo.

"Àwọn tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi ńkọ́?"

"Wọ́n kú."

Olúwakẹ́mi kó aṣọ rẹ̀ mọ́ àyà. Lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe Mọ̀gàríbì, Gàníyù dé kíṣìnnì. Ó ti pọ́n ọ̀bẹ. Ó bu omi sínú abọ́, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Àìṣát wọlé bá a, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́.

"Wọ́n ti jẹun, Daddy Hamid. Ẹ ò rí wọn? Adìẹ tó jẹun kò ní kú lónìí."

"Àwọn tó kú náà kò sọ pé àwọn fẹ́ kú."

"Ẹ fi méjì sílẹ̀. Méjì péré."

"Fún kí ni? Wọn kò ní yé. Wọn kò ní rìn. Àìṣát, mo ṣìnà, mo gbà. Ẹran ọbẹ̀ ni mo yàn, kì í ṣe ohun ọ̀sìn. Jẹ́ kí n pa wọ́n bó ti yẹ ká pa wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá ra èyí tó o wí."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Rahmah lè má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì mọ́."

"Mummy." Hamid ni. Ó ti wọlé bá wọn, ó dúró ní ojú fèrèsé. "Mummy. Ẹ wò ó."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀, wọn ò gbọ́ ìró rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.

Rahmah ti wà lórí koríko. Kò wọ bàtà. Ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń gbé e kalẹ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Nígbà tó dé orí síméńtì, ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó sún títí ìhà rẹ̀ fi kan adìẹ tó wà ní ìparí. Adìẹ náà kò yẹ̀. Rahmah kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ó dúró.

"Ó jáde!" Gàníyù wí. "Alhamdulillah! Ìyá Hamid, ó jáde!" Omi ti wà lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó sùn lọ.

Àìṣát ti tọrọ èyí lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilé náà. Ó wò ó láti ojú fèrèsé, kò lè dúpẹ́.

"Lọ mú un wọlé, Hamid."

Hamid jáde. "Rahmah, stop it, man. Òtútù wà." Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́. Rahmah sọ nǹkan kan fún un. Nínú ilé, ètè rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Hamid fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó wo ògiri. Ó wo ilé. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ọmọ gíga yẹn, ó fi ẹ̀yìn ti bíríkì, ó fún apá mọ́ ìhà. Kò sún mọ́ àbúrò rẹ̀. Ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín òun pẹ̀lú rẹ̀.

Àìṣát mọ àyè náà. Bí wọ́n ti ń sùn ní Bermondsey nìyẹn: Rahmah, lẹ́yìn náà òun, lẹ́yìn náà Hamid, bàbá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ó jáde. Ó fẹ́ lọ di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú, kó fà wọ́n wọlé, kó pariwo lé wọn lórí débi tí gbogbo òpópónà á fi gbọ́. Koríko tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó la ẹnu. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì rí i pé òun ti yí padà, pé bíríkì ti wà lẹ́yìn òun, pé èjìká ọmọ kan ń kan òun lápá ọ̀tún, ti èkejì lápá òsì. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù.

Gàníyù dúró nínú kíṣìnnì pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń wò ó, àti adìẹ àti èèyàn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Láàárín Hamid àti ọgbà, síméńtì díẹ̀ ṣẹ́ kù, ó fẹ̀ tó èjìká ọkùnrin kan.

Ó gbé ọ̀bẹ lé ojú fèrèsé. Ó bọ́ síta. Létí koríko, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ti máa ń tò ó lẹ́nu yàrá Bermondsey. Lẹ́yìn náà ó rọra kọjá, kó má bàa dún, ó sì lọ dí àyè rẹ̀.